Ó Tó Àkókò Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Macaulay Baba

Bí a bá dárúkọ Macaulay ní Èkó, Herbert ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí, ìyẹn ajìjàgbara tí àwòrán rẹ̀ wà lára náírà kan. Baba tó bí i, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá. Ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ ní 2018 pé kí ẹ̀kọ́ ìtàn padà sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ohun tó kù láti bi ara wa ni pé ìtàn ta ni a ó fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ọmọ kankan jáde ìwé mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ Èkó láìmọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Kissy ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1826. Ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kàwé ní Fourah Bay, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Sàró, ó tún kàwé ní Islington ní London, kí ó tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1852 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọ CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abigail, ọmọbìnrin Samuel Ajayi Crowther, ni ó fi ṣe aya. Nígbà tí ó fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, ni ó yọ £50 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1859, ọdún méjì kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ Èkó di tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ló wọ ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò, jọ́gíráfì, ìtàn, Bíbélì, Látìnì àti Gíríìkì.

Ẹnìkan lè béèrè ohun tí ọmọ Èkó fẹ́ fi Látìnì ṣe. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ àwọn ènìyàn ńlá ń kọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà nìyẹn, Macaulay kò sì gbé ẹ̀kọ́ tó rẹlẹ̀ sí i síwájú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó wà nídìí iṣẹ́ náà títí àrùn ìgbóná fi pa á ní oṣù kìíní 1878, nígbà tí Herbert jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà pẹ̀lú èrò pé òyìnbó ló gbé ìwé wá, tí àwa kàn tẹ́wọ́ gbà á. A kò sẹ́ ipa tí ìjọ CMS kó. Síbẹ̀, ẹni tí a ti ta àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rú rí ló jókòó sí àga ọ̀gá, owó oníṣòwò tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni wọ́n sì fi ra ìwé. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní máa rò pé àlejò ni òun nínú ọ̀ràn ẹ̀kọ́.

Ohun tí à ń béèrè kò wọ́n. Kí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lédè Yorùbá nípa Macaulay àti Davies, kí ó sì ṣètò tí àwọn olùkọ́ yóò fi máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Broad Street àti sí Bàríga, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà láti 1959. Kí ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní 1908 àti ti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913. A fẹ́ kí iṣẹ́ lórí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé.