"Run" kì í ṣe sáré nìkan

Ó ń bí mi nínú gidigidi pé àwọn olùkọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ṣì ń kọ́ ọmọ pé "sáré" nìkan ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "run", nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ti ka ìtumọ̀ 645 fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ "the child's nose is running" sí "imú ọmọ náà ń sáré" nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, olùkọ́ sì fi báírò pupa fún un ní máàkì! Ikun ní í máa ń dà nímú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "run" lè túmọ̀ sí pé jẹnẹrétọ̀ tó wà ní Lágere ń ṣiṣẹ́, omi ẹ̀rọ ń yọ, tàbí olóṣèlú ń díje. Kí ló dé tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu ọmọ wa?