Owó Kò Gbọdọ̀ Ṣáájú Iṣẹ́

Gbogbo ẹni tó ti gbé iṣẹ́ ilé fún oníṣẹ́ rí ló ti há àwọn gbólóhùn yìí sórí: "Mo ti wà lójú ọ̀nà." "Ọjà ni kò tíì dé." "Ara ọmọṣẹ́ mi ni kò yá." "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ku díẹ̀." Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì á di oṣù mẹ́rin. Wọ́n á tú bálùùwẹ̀ sílẹ̀, eruku símẹ́ǹtì á bo àga àti ìbùsùn, onílé á máa fi korobá pọn omi wẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá parí, tàbí tí wọ́n bá ní ó ti parí, fèrèsé kò ní ṣeé tì, táìsì á máa dún gbógbó lábẹ́ ẹsẹ̀, omi á kọ ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un sílẹ̀, á gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé oníṣẹ́ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. A gbọ́. Aláìṣòótọ́ wà láàárín wọn, bó ṣe wà nínú gbogbo iṣẹ́, títí kan iṣẹ́ ìròyìn tí àwa ń ṣe. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé ìwà nìkan ló ń bá wa jà. Bí a ṣe ń sanwó ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà yìí. A máa ń jẹ́ kí owó ṣáájú iṣẹ́. Bí òfin kò bá fi gbèdéke sí owó àsansílẹ̀, tí kò sì sọ ọ́ di dandan pé ẹ̀yìn iṣẹ́ ni owó gbọ́dọ̀ máa rìn, ẹjọ́ kan náà la ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe rí. Onílé san ìdá 70 nínú 100 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọjà ni wọ́n fẹ́ fi rà. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, ó tún san 20. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 10 lọ. Kí ló wá kù nínú iṣẹ́? Ilẹ̀kùn tí wọ́n máa fá etí rẹ̀ kó tó lè wọlé, àlàfo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n máa dí, ọ̀dà ìkẹyìn, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ́, omi tí wọ́n máa ṣí wò. Iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ń gba sùúrù. Wọ́n lè jẹ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, owó tó kù fún wọn kò sì tó nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà tuntun pè, òun náà ti gbé ìdá 70 tirẹ̀ dání. Ta ni oníṣẹ́ máa lọ bá? Kì í ṣe èṣù ló ń tì í. Ìṣirò ló ṣe.

Èyí tó tún burú ni pé owó oníbàárà tuntun yẹn lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi ra táìsì ti àtijọ́, nítorí owó ti àtijọ́ ti bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. Owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n fi ń parí ilé ẹni àná, ẹni òní á sì máa dúró de ẹni ọ̀la. Lọ́jọ́ tí oníbàárà tuntun kò bá yọjú, gbogbo wọn ló máa jókòó sínú eruku. Àwọn àgbà ní òní ló ń lọ, ọ̀la ló ń lọ, ni kò jẹ́ kí àlejò gbin awùsá. Onílé tí wọ́n ń fi "ọ̀la" dá dúró náà kò yàtọ̀. Kò lè kó ẹrù padà sáyè wọn, kò lè pe oníṣẹ́ mìíràn, kò sì lè lọ síbi iṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀, nítorí wọ́n lè dé nígbà tí kò sí nílé, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe àwáwí ọ̀sẹ̀ méjì míì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀tọ̀ ni ìdádúró, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ játijàti. Ìyá kan náà ló bí wọn. Oníṣẹ́ tó jókòó síbòmíràn fún oṣù méjì, tó wá padà dé nítorí ariwo onílé, eré ló máa sá. Ó fẹ́ parí lọ́jọ́ mẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ ọjọ́ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ símẹ́ǹtì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ìkọ́lé fi ń wọn agbára kankéré, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn kàlẹ́ńdà. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá kun ún ní kíákíá, ọ̀dà yẹn á wú bí awọ ara tí iná jó, á sì ṣí. Pákó tí wọ́n fẹ́ fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá gbọ́dọ̀ gbé inú yàrá yẹn fún ọjọ́ mélòó kan kó lè mọ ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ lára. Bí wọ́n bá kàn án lọ́jọ́ tó dé, á sún kì tàbí kó wú, ojú ilẹ̀ á sì di òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Táìsì ló ń tú àṣírí oníwàdùwàdù jù. Ẹni tó ń sáré á ki símẹ́ǹtì ìlẹ̀mọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kọjá sí òmíràn. Lójú, ó dúró ṣánṣán. Lábẹ́, òfìfo ni. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ táìsì ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà sọ pé símẹ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ kan ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ẹ̀yìn táìsì níbi tó gbẹ, àti ìdá 95 níbi tí omi ń dé. Kò sí irinṣẹ́ olówó ńlá tí onílé nílò láti mọ̀ ọ́n. Kó fi eegun ìka kan án lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kún máa ń dún kì. Èyí tó ṣófo á dáhùn bí agbè.

Síbẹ̀, a kò tíì sọ èyí tó ń náni lówó jù. Ohun tó ń náni lówó jù ni ohun tí ojú kò ní rí mọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí: páìpù inú ògiri, wáyà tí wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn pátákó, ìbora tó yẹ kó dí omi lọ́nà lábẹ́ táìsì bálùùwẹ̀. Páìpù yẹ kó gba ìdánwò, kí wọ́n fi agbára omi tàbí afẹ́fẹ́ kún un, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ń jò, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì láti dí ògiri. Ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ yẹ kó dagun sí ihò omi ní nǹkan bíi mílímítà 20 lórí mítà kan. Kí táìsì tó bò ó, kí wọ́n dí ihò yẹn, kí wọ́n da omi kún ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá lọ sílẹ̀, tàbí tí ọ̀rinrin hàn lábẹ́, ọjọ́ kan péré la pàdánù. Bí wọ́n bá fo ìdánwò yìí, lẹ́yìn ọdún kan ni onílé máa mọ̀, nígbà tí àjà yàrá ìsàlẹ̀ bá dúdú. Nígbà yẹn, táìsì tó dára ni wọ́n máa fọ́ láti dé ibi tí kò dára.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé owó gbọ́dọ̀ so mọ́ ìdánwò, kó má so mọ́ ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò dára kí ìwé àdéhùn sọ pé "ìdá 20 ní ìparí oṣù." Ohun tó yẹ kó sọ ni pé "ìdá 20 nígbà tí páìpù bá yege ìdánwò, tí a sì ti ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó dí ògiri." Lọ́nà yìí, ìgbàkigbà tí onílé bá wo iṣẹ́, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ á ju iṣẹ́ tó kù lọ. Oníṣẹ́ tó bá kúrò níbẹ̀, owó ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ohun tuntun là ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, Hammurabi ọba Bábílónì ti gbẹ́ ẹ sórí òkúta pé bí ògiri tí ọ̀mọlé mọ bá fẹ́ wó, owó ara rẹ̀ ni kó fi mú un dúró. Ní California lónìí, owó àsansílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ilé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 10 nínú 100 tàbí dọ́là 1,000, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba agbaṣẹ́ṣe tó ní onídùúró pàtàkì, wọn kò gbọdọ̀ gba owó tó ju iye iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tàbí ọjà tí wọ́n ti gbé dé lọ. Ní Jámánì, ẹni tó rí àbùkù nínú iṣẹ́ lè dá owó dúró, ìlọ́po méjì ohun tí àtúnṣe máa ná ni òfin sì kà sí èyí tó tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Faransé, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ tún gbogbo àbùkù tí wọ́n bá fi tó o létí láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí onílé ti gba iṣẹ́ náà ṣe, ọdún 10 sì ni tó bá jẹ́ àbùkù tó ba agbára ilé jẹ́ tàbí tí kò jẹ́ kó ṣeé lò. Òfin tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015 sọ pé bí oníṣẹ́ kò bá fi ìtọ́jú àti ìmọ̀ tó yẹ ṣiṣẹ́, oníbàárà lè ní kó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kó gba apá kan owó rẹ̀ padà.

A mọ ohun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe máa sọ. Wọ́n á ní àwọn kò lówó lọ́wọ́, pé bí onílé kò bá sanwó ṣáájú, kí ni àwọn máa fi ra ọjà? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: kí onílé fúnra rẹ̀ ra ọjà, kí rísíìtì jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ọjà sì wọ inú ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi ìwọ̀n ṣe ni, bíi kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tàbí fèrèsé tí kò ní bá ilé ẹlòmíràn mu, ó tọ́ kí àsansílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, nítorí oníṣẹ́ kò lè tà á fún ẹlòmíràn bí onílé bá yí ọkàn padà.

Àwọn onílé náà kò mọ́ tán o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá dá owó tó kéré jù ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ fún, tí wọ́n á sì máa retí iṣẹ́ ẹni tó dá owó tó ga jù. Àwọn míì á yí àwọ̀ táìsì padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kí ilẹ̀kùn kúrò lápá òsì, wọ́n á sì tún máa bínú pé ọjọ́ ti kọjá. Gbogbo àyípadà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú iye ọjọ́ àti iye owó tó fi kún iṣẹ́. Ẹni tó fi owó ìkẹyìn há ọwọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti yege, olè ni òun náà, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́. Òfin tí a ń fẹ́ gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ tí owó oníṣẹ́ máa bọ́ sí i lọ́wọ́, kó sì fi èlé lé e bó bá kọjá.

Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá báyìí, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títú: má pe oníṣẹ́ mìíràn síbẹ̀ kí o tó kọ̀wé sí èyí tó wà nílẹ̀. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kan iṣẹ́ náà, kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó ba kí ni jẹ́. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kọ àbùkù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, fún un ní ọjọ́ kan pàtó tó lè bá a mu láti tún un ṣe. Bó bá kọ̀, wá oníṣẹ́ mìíràn tó kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò ní fẹ́ gba iṣẹ́ náà, kó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí àtúnṣe máa ná. Ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀ ní ilé ẹjọ́ kékeré, níbi tí ariwo kò ti wúlò. Má ṣe dá gbogbo owó dúró nítorí ilẹ̀kùn kan tó wọ́; dá èyí tó tó àbùkù rẹ̀ dúró.

Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ló rọrùn fún jù. Lọ́jọ́ ìdúnàádúrà, kí ó tẹ́ bébà sílẹ̀, kí ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, ìdánwò kọ̀ọ̀kan àti owó tó tẹ̀ lé e. Bí oníṣẹ́ bá rẹ́rìn-ín, tó ní kò sóhun tó ń jẹ́ ìwé láàárín àwọn méjèèjì mọ́, pé àwọn ti di ẹbí, kí ó bá a rẹ́rìn-ín, kí ó sì na bírò sí ẹbí rẹ̀.