Ìdáláre Lẹ́yìn Ọdún 68

Ohun tí Jennifer Granholm, tó jẹ́ mínísítà ètò agbára nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022, dára. Ó fagi lé ìdájọ́ ọdún 1954 tí wọ́n fi ní Robert Oppenheimer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó darí ṣíṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́, kò tún gbọdọ̀ mọ àṣírí ìjọba. Ó ní ìgbẹ́jọ́ náà ní àbùkù, pé àjọ tó ṣe é kò tẹ̀lé òfin ara rẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n orí tábìlì wọn náà ni òfin ọ̀hún wà lọ́dún 1954. Kí ni wọ́n wá ń kà látọjọ́ náà?

Oppenheimer ti kú láti 1967. Ẹni tí àwa rántí nígbà tí ìròyìn náà jáde ni William Parsons, ọ̀gágun ojú omi tó bá a ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Deak. Lọ́dún 1933, ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi $5,000 lọ́dún sórí ìwádìí rédà, ẹ̀rọ tó ń rí bàálù àti ọkọ̀ láti òkèèrè. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun dé tí gbogbo wọn ń wá rédà kiri.

Ní erékùṣù Tinian nínú òkun Pàsífíìkì, lóṣù Kẹjọ 1945, ó ti rí bàálù ogun B-29 tó já lulẹ̀ tó sì jóná bó ṣe ń gbéra. Bí irú ẹ̀ bá ṣe Enola Gay, bàálù tó fẹ́ gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì lọ sí Hiroshima ní Japan, tòun ti bọ́ǹbù tí wọ́n ti ki ẹ̀tù sí, ó dàbọ̀ fún gbogbo èrò erékùṣù náà. Parsons ní òun máa ki í bí wọ́n bá ti wà lókè. Ó wọ ikùn bàálù tó gbóná bí ààrò, ó fi ń kọ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú. Lóru, lójú ọ̀run, ó ṣe é lóòótọ́. A ò yin iṣẹ́ ọwọ́ yẹn o: wọ́n ṣírò òkú Hiroshima sí nǹkan bí 140,000 kí ọdún náà tó parí. Àmọ́ ọkùnrin tí ìjọba lè fi bọ́ǹbù yẹn lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹ kó wúwo.

Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1953 ló gbọ́ pé Ààrẹ Eisenhower ti ní kí wọ́n mọ ògiri sáàárín Oppenheimer àti àṣírí ìjọba. Inú bí i gidigidi, ó fẹ́ bá àwọn àgbà sọ ọ́. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóru. Lọ́jọ́ kejì ó kú nílé ìwòsàn Bethesda, ẹni ọdún 52. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, ẹlẹ́rìí tó mọ bọ́ǹbù náà lọ́wọ́ ti wà nínú ilẹ̀.

A ti wí i lójú ewé yìí, a tún ń wí i: ìjọba tó ń tún orúkọ òkú ṣe nígbà tí alààyè ń jẹ̀rora, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí Parsons ti dàgbà ní Fort Sumner, ni wọ́n ti dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò lọ́jọ́ 16 oṣù Keje 1945. Wọn ò kìlọ̀ fún ará abúlé kankan. Òfin owó gbà-má-bínú ọdún 1990 mú àwọn tó ń gbé nítòsí ibi ìdánwò bọ́ǹbù ní Nevada, ó fo ti New Mexico títí di ọdún 2025. Ṣé ìwọ̀nyí náà ní láti kọ́kọ́ kú ni? Ó yẹ kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti kọ wọ́n sínú òfin náà tipẹ́tipẹ́, nígbà tí àwọn tó fojú rí eérú ọjọ́ yẹn ṣì pọ̀.