Ẹni Tó Lòdì sí Ogun, Kó Má Sanwó Ogun

Gbólóhùn méjì péré ló wà nínú àbá tí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà dìbò lé lórí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ọdún 2007. Èkíní ní àwọn yóò máa ti àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ìráàkì lẹ́yìn. Èkejì ní àwọn kò fara mọ́ bí Ààrẹ George W. Bush ṣe fẹ́ kó ọmọ ogun tó lé ní 20,000 mìíràn lọ síbẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn lé e. Ẹni 246 fọwọ́ sí i, 182 kọ̀ ọ́, Republican 17, ọmọ ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀, sì wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àbá lásán ni. Kò lágbára òfin, ọmọ ogun kan kò sì tìtorí rẹ̀ padà sílé. Nílé aṣòfin àgbà, irú àbá bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dé ojú ìbò: ohùn 60 ni wọ́n nílò, 56 ni wọ́n rí.

Ìdúró wa ṣe kedere. Ilé aṣòfin tó bá gbà pé ogun kan kò tọ́, tí àṣẹ owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ogun náà tán kó tún lọ sanwó rẹ̀. Agbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìwé òfin Amẹ́ríkà fi Ààrẹ ṣe ọ̀gá àgbà àwọn ológun, ṣùgbọ́n kò lè ná kọ́bọ̀ nínú àpò ìjọba àyàfi tí ilé aṣòfin bá fi òfin yọ̀ǹda rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò yẹn, ẹnì kan tó tako àbá náà ló mọ ìdí ọ̀rọ̀ jù. Sam Johnson, aṣojú láti Texas, tó lo nǹkan bí ọdún méje lẹ́wọ̀n nígbà ogun Vietnam, ní àbá yìí ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí dídá owó àwọn ọmọ ogun dúró. A kò bá a dé ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orí owó ni gbogbo ẹjọ́ náà wà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó dé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, àwọn Democrat, ẹgbẹ́ alátakò Bush tó pọ̀ jù nílé aṣojú-ṣòfin nígbà náà, gbé òfin ìnáwó ogun wá, wọ́n sì fi ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun máa kúrò ní Ìráàkì sínú rẹ̀. Ìbò 218 sí 212 ló gbé e wọlé. Ẹ rántí pé Republican 17 ló tako Bush nínú oṣù Kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, méjì péré ló kù: Walter Jones láti North Carolina àti Wayne Gilchrest láti Maryland.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Jones. Ní 2003, ó wà lára àwọn tó ní kí wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára ọ̀dùnkún díndín nílé oúnjẹ àwọn aṣòfin, torí pé Faransé kò ti ogun Ìráàkì lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi ìsìnkú ọmọ ogun kan, ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Ó buwọ́ lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà sí àwọn ẹbí tí ogun pa èèyàn wọn, ó sì to àwòrán àwọn tó kú láti ibùdó ológun Camp Lejeune síta ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí ojú wọn. Lóṣù Kẹta 2007 yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìbò rẹ̀ lórí owó bá ara mu. Gilchrest náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2008.

Bush kọ̀ láti buwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Àwọn Democrat kò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n lè fi borí rẹ̀, ni wọ́n bá túúbá. Ibi tí wọ́n ti kùnà gan-an nìyẹn. Kí òfin tí Ààrẹ kọ̀ tó lè wọlé, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta; ṣùgbọ́n kí owó má jáde, kò gbà ju kí wọ́n má fọwọ́ sí i lọ. Ààrẹ lè kọ òfin sílẹ̀, kò lè fi kíkọ̀ rẹ̀ dá owó sílẹ̀. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò lò ó. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, wọ́n yọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ kúrò, wọ́n sì fún un lówó: 280 sí 142 nílé aṣojú-ṣòfin, 80 sí 14 nílé aṣòfin àgbà. Ọdún 2007 yẹn náà ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà kú jù lọ ní Ìráàkì. Àwọn ará Ìráàkì tó bá a lọ, ta ló kà wọ́n tán?

Òótọ́ ni pé ìwà ipá dínkù ní 2008, àwọn tó gbè sẹ́yìn Bush sì ń fi ìyẹn jiyàn dòní. Aṣòfin tó gbà pé yóò rí bẹ́ẹ̀, kó dìbò fún owó náà ní gbangba. Ẹni tí kò gbà, kó di owó mú.

Wọ́n ní dídi owó mú ni fífi ọmọ ogun sílẹ̀ láìní ọta ìbọn. Ìbẹ̀rù yìí wúwo lọ́kàn àwọn òbí, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà 18 kú ní Mogadishu ní oṣù Kẹwàá 1993, ilé aṣòfin fi òfin sọ pé owó iṣẹ́ ogun ní Sòmálíà yóò dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1994. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun wálé.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílẹ̀ ní Houston, ní Chicago, ní Maryland, ń san owó orí tí wọ́n fi ń jagun wọ̀nyí, ọmọ àwọn mìíràn sì wà nínú iṣẹ́ ológun ibẹ̀. Bí aṣojú agbègbè wọn bá wá tọrọ ìbò, kí wọ́n má wulẹ̀ bi í ohun tó sọ nípa ogun. Kí wọ́n bi í bó ṣe dìbò lọ́jọ́ tí owó ogun dé iwájú rẹ̀.