Ojú odò yàtọ̀ sí inú àpáta
Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí wúrà, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé “ibi tí wúrà bá ti hàn lójú odò, ohun ńlá wà lábẹ́ rẹ̀” ni mo ti dúró. Rárá o. Mo ti bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ru àpò àyẹ̀wò kiri agbègbè Iléṣà rí. A ó fọ iyanrìn odò nínú awo, wúrà wínníwínní á tàn nísàlẹ̀, gbogbo wa á pariwo. Ká wá gbẹ́lẹ̀ wá òkúta funfun tó ti inú rẹ̀ wá, ó lè má ju okùn tín-ín-rín lọ. Òjò àti oòrùn ló ti jẹ àpáta láti ayébáyé, omi gbé èyí tó fúyẹ́ lọ, wúrà wúwo, ó jókòó. Ó lè jẹ́ pé ojú odò gan-an ni gbogbo ọrọ̀ ibẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n tó sọ nínú èsì tó ṣáájú tèmi pé Ìperindó, ìlú tí wúrà wà lẹ́bàá Iléṣà, máa tó dà bíi Ṣẹ̀gilọlá, ibi ìwakùsà wúrà ńlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ rọra. Lóòótọ́ wọn ò jìnnà síra, wúrà Ìperindó náà sì wà nínú òkúta funfun yẹn tí wọ́n ń pè ní quartz, lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀gilọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà ní 2021, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu ilẹ̀ ibẹ̀ léraléra kí wọ́n tó dá owó lé e.