Ìdí tí Ètò Ìròyìn tí à ń Ṣe fún Àwọn Ọ̀gá Àgbà Fi Ń Forí Ṣánpọ́n

Èrò ọkàn mi ni pé ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń náwó lé lórí, kí àwọn ọ̀gá àgbà lè máa rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kì í bàjẹ́ nítorí àìlágbára ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló ń bà á jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà a wo àkọsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀, bí iye ọjà tí wọ́n tà àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ, wọn a sì to gbogbo rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, láì tíì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé ìpinnu wo gan-an ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Láti ọdún 1967 ni Russell Ackoff, onímọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé àpọ̀jù ìròyìn tí kò wúlò ló ń yọ àwọn alákòóso lẹ́nu ju àìtó èyí tó wúlò lọ. Ní ọdún 1979, John Rockart ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí wọ́n jókòó ti ọ̀gá fúnra rẹ̀, kí ó sọ àwọn nǹkan díẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yọrí sí rere kí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣàṣeyọrí, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ wá ìṣirò tí yóò máa fi wọ́n hàn. Ó dùn mí pé ìjókòó yìí gan-an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò nígbà tí àkókò bá há. Wọn a rán igbákejì wá, òun náà a sì sọ ohun tó rò pé ọ̀gá fẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Henry Mintzberg, onímọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ọmọ Kánádà, tọpasẹ̀ alákòóso àgbà márùn-ún nínú ìwádìí tó gbé jáde ní ọdún 1973, ó sì rí i pé ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn ni wọ́n fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ níwájú àpapọ̀ owó oṣù tó kọjá tí kò sọ ìdí tí owó náà fi dínkù. Ètò MIDS, irú ètò ìròyìn fún àwọn ọ̀gá àgbà bẹ́ẹ̀, tí Lockheed-Georgia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1978 kẹ́sẹ járí, mo sì gbà pé ara ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé àlàyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ọ̀gá lè pè.

Èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta ni ìbẹ̀rù àwọn olórí ẹ̀ka. Bí ọ̀gá àgbà bá lè rí àléébù ẹ̀ka kan kí olórí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ tó rí i, ẹni tó wà lábẹ́ yóò wá ọ̀nà láti dáàbò bo ara rẹ̀: yóò fi àkọsílẹ̀ falẹ̀, tàbí kí ó tún un ṣe kí ó lè dára lójú. Kò pẹ́ tí ọ̀gá yóò fi bá ìṣirò méjì tó takora pàdé nípa nǹkan kan náà, láti ọjọ́ náà ni kò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé ètò náà mọ́. Bí ọ̀gá tó ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn bá wá lọ síbòmíràn, kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ ọn pé kí olórí ẹ̀ka kọ́kọ́ rí ìṣirò ẹ̀ka rẹ̀, kí ó sì kọ àlàyé tirẹ̀ sí i, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà.