Mint kì í ṣe ayédèrú
Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ pé ayédèrú ni Linux Mint àti Manjaro, àwọn ẹ̀yà Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, pé ṣe ni wọ́n jí iṣẹ́ Debian àti Arch, àwọn ẹ̀yà Linux tó ṣáájú wọn, gbé, wọ́n wá kùn ún lọ́dà tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL tó wà lórí Linux fúnra rẹ̀ ló gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú un, tún un ṣe, kó sì pín in, bó bá ṣáà ti jẹ́ kí àwọn tó gbà á rí kóòdù rẹ̀. Ọdún 1993 ni Debian bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ni Ubuntu ti jáde ní 2004, Mint sì tẹ̀ lé e ní 2006. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe olè.

“Kì í ṣe Linux gidi” tí ẹ tún sọ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Kernel Linux, ọkàn ètò náà, ló wà nídìí gbogbo wọn. Àṣẹ apt, èyí tí a fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, tí ẹ ń tẹ̀ lórí Debian náà ni ọmọ iṣẹ́ mi ń tẹ̀ lórí Mint níbí, ní Sábó, Ìkòròdú. Wọ́n kàn ti bá a to ohun tó pọ̀ sílẹ̀ ni, kó lè parí fífi í sórí ẹ̀rọ kí iná tó lọ.

Ti Manjaro, ẹ jàre díẹ̀: wọ́n máa ń dá páákéèjì (ètò tí wọ́n dì fún ìlò) Arch dúró láti dán an wò, nítorí náà ohun tí èèyàn fà láti AUR, ibi tí àwọn tó ń lo Arch ń kó ètò sí fún ara wọn, lè má bá a mu nígbà míì. Ṣùgbọ́n Arch fúnra rẹ̀ ti fi archinstall, ètò tó ń bá èèyàn fi Arch sórí ẹ̀rọ, kún un láti 2021. Ṣé ìyẹn náà di ayédèrú ni?